Ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá láàárín ètò méjì: àyẹ̀wò àmì àwọn ìkànnì tẹlifíṣọ̀n Bìrìtéènì, àti àwọn àṣìṣe tó dán wọn wò

Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí bá tẹlifíṣọ̀n Bìrìtéènì mu gan-an. Bí ètò kan bá parí, kí òmíràn tó bẹ̀rẹ̀, àlàfo kékeré kan wà tí kì í sábà ju ìṣẹ́jú-àáyá 10 sí 20 lọ. Inú àlàfo yẹn ni ìkànnì ti ń sọ orúkọ ara rẹ̀ fún òǹwòran: ayé roboto tó ń yí, òǹkà 2 tí wọ́n da ọ̀dà lù, búlọ́ọ̀kù aláràbarà tó ń fò bọ̀ wá di 4. Iṣẹ́ tí ìkànnì ń ṣe nínú àlàfo yẹn la gbé yẹ̀ wò níbí, olúkúlùkù yóò sì gba máàkì lórí 10.

Àmì tó rẹwà nígbà tí gbogbo nǹkan ń lọ déédéé kì í ṣe bàbàrà. Ẹni tó bá lówó lọ́wọ́ lè ṣe é. Ọjọ́ tí iná lọ, tí téèpù há, tí ìpolówó já lu góòlù, ọjọ́ yẹn la máa ń mọ̀ bóyá ojú ìkànnì ni à ń wò tàbí aṣọ tó yá wọ̀. Ìdí nìyí tí a fi gbé àmì àti àṣìṣe sórí òṣùwọ̀n kan náà.

Ohun tó ń bà jẹ́, àti ìdí rẹ̀

Yàrá kan wà tí wọ́n ti ń so ètò mọ́ ètò. Akéde wà níbẹ̀ pẹ̀lú máíkì, ẹni tó ń yí bọ́tìnnì àwòrán náà wà níbẹ̀. Nígbà mìíràn ẹyọ ẹnì kan ló ń ṣe méjèèjì. Láyé téèpù, ẹ̀rọ kì í gbéra lójú ẹsẹ̀. Ó nílò ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan kí eré rẹ̀ tó dúró sójú kan, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwòrán á máa gbọ̀n. Torí èyí ni wọ́n ṣe ń ya aago sí ìbẹ̀rẹ̀ téèpù kọ̀ọ̀kan: ojú aago tó ń kà sẹ́yìn, tí orúkọ ètò, nọ́ńbà téèpù àti gígùn ètò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Tó bá ku ìṣẹ́jú-àáyá 3, aago á pòórá, ojú àwòrán á ṣókùnkùn, ètò á sì wọlé. Ẹni tó bá kánjú tẹ bọ́tìnnì, gbogbo orílẹ̀-èdè ni yóò bá a wo aago yẹn. Lára àwọn àṣìṣe tí wọ́n ti kó jọ, òun ni ojú ń tètè dá mọ̀, òun náà ló sì rọrùn jù láti dárí jì.

ITV, ìkànnì tí ìpolówó ń bọ́, ní tiẹ̀ nígbà náà ní àmì onígun mẹ́rin kékeré kan ní igun òkè lápá ọ̀tún, tí ìlà dúdú àti funfun ń sáré nínú rẹ̀. Bó bá ku ìṣẹ́jú kan kí ìpolówó bẹ̀rẹ̀, á yọjú. Bó bá ku ìṣẹ́jú-àáyá 5, á pa rẹ́. Kì í ṣe òǹwòran ló wà fún. Àwọn ilé iṣẹ́ ITV ní àgbègbè kọ̀ọ̀kan ló wà fún, kí olúkúlùkù lè gbé ìpolówó tirẹ̀ sílẹ̀ ní ìmúrasílẹ̀. Ẹni tí ojú rẹ̀ bá kúrò lára rẹ̀, òkùnkùn ni yóò fi bẹ̀rẹ̀ ìpolówó.

Àṣìṣe kan tó wọ́pọ̀ kò tiẹ̀ kan ẹ̀rọ rárá: akéde gbàgbé láti pa máíkì. Ikọ́, bébà tó ń ró, ìmí ẹ̀dùn, gbogbo rẹ̀ á bá orin ìbẹ̀rẹ̀ ètò jáde. Òmíràn tún ni ti Scotland, Wales àti Northern Ireland, tí wọ́n máa ń já kúrò lára BBC ti London láti gbé ètò tiwọn sáfẹ́fẹ́. Bí wọ́n bá pẹ́ kí wọ́n tó já, tàbí wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó padà, àmì London á yọ lójijì, ọ̀rọ̀ akéde méjì á sì gorí ara wọn.

BBC One: 7 lórí 10

Ọjọ́ 2 oṣù Kejìlá ọdún 1953 ni àmì BBC àkọ́kọ́ tó ń rìn jáde. Abram Games ló ya á: wáyà àti idẹ tí wọ́n tẹ̀ bí ìyẹ́ àdán, tí iná ń tàn lára rẹ̀. Ọwọ́ ni wọ́n fi kàn án, ó sì gbẹgẹ́ débi pé kò pẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n yà á sí fíìmù tán tó fi bà jẹ́. Fíìmù ló gbà á sílẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ọ̀rọ̀ ìkànnì yìí kò kúrò lórí ohun tó lè bà jẹ́ àti ohun tí kò lè bà jẹ́.

Láti 1963 ni ayé roboto ti di ojú BBC One. Èyí tó tọ́ sí kéèyàn tẹjú mọ́ ni ti 1969, ọdún tí àwọ̀ dé BBC1 àti ITV ní ọjọ́ 15 oṣù Kọkànlá. Ayé kékeré kan ni, mọ́tò ló ń yí i. Dígí tó tẹ̀ wọnú wà lẹ́yìn rẹ̀, òun ló ń fi ẹ̀yìn ayé hàn bí ẹni pé wọ́n na án sílẹ̀. Kámẹ́rà tó ń wò ó, tí àwọn òṣìṣẹ́ ń pè ní Noddy, kò mọ àwọ̀ kankan. Dúdú àti funfun nìkan ló ń rí. Lẹ́yìn tí àwòrán bá ti jáde nínú kámẹ́rà ni ẹ̀rọ ń kun ún. Nítorí náà, nígbà tí ilẹ̀ ayé di aláwọ̀ yẹ́lò ní 1974, tó tún di àwọ̀ ewé ní 1981, kò sí ẹni tó fi búrọ́ọ̀ṣì kan ère yẹn. Wọ́n yí àwọ̀ padà nínú ẹ̀rọ ni. Ọgbọ́n olówó pọ́ọ́kú tó bẹ́ẹ̀ kò sí nínú ohun tí àwọn ìkànnì ń ná owó lé lórí lónìí.

Àléébù rẹ̀ ni pé ohun tó ń yí lè dúró, dígí sì lè gba ekuru. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejì ọdún 1985, kọ̀ǹpútà gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mọ́tò: ilẹ̀ ayé di wúrà, òkun di búlúù tí ojú ń là kọjá. Kò gbọ̀n, kò dúró, kò sì wuni. Ó dà bí ohun ọ̀ṣọ́ tí wọ́n gbé sí ẹnu ọ̀nà báńkì. Àwọn mìíràn fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi. A kò bá wọn jà.

Ní ọjọ́ 16 oṣù Kejì ọdún 1991 ni ayàwòrán àmì Martin Lambie-Nairn gbé ayé tuntun jáde, èyí tó dà bí èéfín, tí òǹkà 1 wà nínú rẹ̀. Kò sí ère, kò sì sí kọ̀ǹpútà tó ń yà á lójú ẹsẹ̀. Orí àwo laserdisc ni wọ́n ti ń ta á. Ohun tó lè bà jẹ́ tún wọlé padà nìyẹn, torí àwo tó bá họ lè mú kí ayé dúró gbagidi níbi tó dé. Aago tó wà pẹ̀lú rẹ̀ ni ẹ̀rọ ṣì ń yà lójú ẹsẹ̀, wọ́n ń pe ẹ̀rọ náà ní GNAT. Aago ọ̀hún dáa, ó péye, ó sì yẹ kí ìkànnì ṣì ní in, àmọ́ tẹlifíṣọ̀n oní-díjítà ló lé e lọ. Kí àmì díjítà tó dé ilé, wọ́n ní láti fún un pọ̀, kí wọ́n tó tún tú u sílẹ̀ nínú àpótí. Ìyẹn ń gba àkókò, àkókò náà sì ń yàtọ̀ láti àpótí sí àpótí. Aago tó pé ní London á pẹ́ ní ilé rẹ, á sì pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ ní ilé aládùúgbò rẹ.

Ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá ọdún 1997 ló so ohun méjì pọ̀. Àkọ́kọ́ ni lógò BBC fúnra rẹ̀: àpótí mẹ́ta tó dà gẹ̀rẹ̀ di àpótí mẹ́ta tó dúró ṣánṣán, lẹ́tà Gill Sans wà nínú wọn, ìlà aláwọ̀ mẹ́ta tó wà nísàlẹ̀ sì pòórá. Ìdí rẹ̀ kì í ṣe ẹwà nìkan. Ìlà tó bá dà gẹ̀rẹ̀ máa ń rún wómúwómú lójú àwòrán nígbà tó bá kéré, àwọ̀ púpọ̀ sì ń náni lówó lórí ìwé. Ìkejì ni bàlúùnù ńlá tí afẹ́fẹ́ gbígbóná ń gbé, tí wọ́n kùn bí ayé, tí ó ń fò kọjá lórí òkè, etíkun àti ìlú ńlá Bìrìtéènì. Bàlúùnù gidi ni. Ayé BBC jáde nínú yàrá, ó wá ń wo ilé àwọn òǹwòran láti òkè. Nínú gbogbo àmì BBC One, òun la fún ní ipò kìíní.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún 2002, àwọn oníjó nínú aṣọ pupa lé ayé lọ lẹ́yìn ọdún 39. Òbìrípo dé ní 2006, àwòrán àwọn ẹgbẹ́ àti ọ̀gbà tí Martin Parr yà dé ní 2017, àwòrán tó pín sí mẹ́ta láàárín dé ní 2022. Kò sí èyí tó burú, kò sì sí èyí tí ọmọdé lè yà láti orí wá.

BBC Two: 9 lórí 10

Alẹ́ ọjọ́ 20 oṣù Kẹrin ọdún 1964 ni ìkànnì yìí yẹ kó bẹ̀rẹ̀. Orin wà nílẹ̀, apanilẹ́rìn-ín wà nílẹ̀, iná àfiṣeré tí wọ́n ń yìn sójú ọ̀run wà nílẹ̀. Kò pé wákàtí kan sí àkókò ìbẹ̀rẹ̀ ni iná ọwọ́ Battersea Power Station lọ. Television Centre, ilé sítúdíò BBC, ṣú birimu. Alexandra Palace, níbi tí yàrá ìròyìn wà, ṣì ní iná, nítorí náà Gerald Priestland jókòó síbẹ̀ ó ń ka ìròyìn, ó ń tọrọ gáfárà. Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ètò àwọn ọmọdé tó ń jẹ́ *Play School* ló wá di ètò àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé jáde bó ṣe yẹ.

Ohun tí wọ́n ṣe ní alẹ́ ọjọ́ kejì yẹn ló mú máàkì wá. Nígbà tí àwòrán tàn, àbẹ́là kan ló wà lójú àwòrán, nínú òkùnkùn. Atọ́kùn Denis Tuohy fẹ́ ẹ pa, ètò bẹ̀rẹ̀. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ìkànnì tí kò tíì pé ọjọ́ méjì lórí afẹ́fẹ́ ti mọ bí wọ́n ṣe ń fi ara ẹni ṣẹ̀fẹ̀, ìwà yẹn náà ló padà gbà á là ní ọdún 27 lẹ́yìn náà.

Ní oṣù Kẹta ọdún 1986, wọ́n kọ lẹ́tà T, W, O sórí ilẹ̀ funfun, pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù díẹ̀ lára rẹ̀. Ó mọ́ tónítóní, ó sì tutù bí omi àná. Ìwádìí tí wọ́n ṣe láàárín àwọn òǹwòran fi hàn pé wọ́n ka BBC Two sí ìkànnì agbéraga tí ń súni. Lambie-Nairn gba iṣẹ́, ní ọjọ́ 16 oṣù Kejì ọdún 1991, òǹkà 2 jáde ní àwọ̀ kan tó wà láàárín ewé àti búlúù. Nínú ọ̀kan, ọ̀dà ń tú lé e lórí. Nínú òmíràn, 2 jẹ́ abẹ tó já bọ́ tó sì gún ilẹ̀ kẹ́. Ère gidi ni wọ́n kàn, wọ́n yà á pẹ̀lú kámẹ́rà, wọ́n fa eré rẹ̀ sẹ́yìn kí ojú lè rí bí ọ̀dà ṣe ń ta sílẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, àwọn òǹwòran bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ìkànnì náà ti dùn sí i, bẹ́ẹ̀ ètò inú rẹ̀ kò tíì yí padà.

Kí ló dé tó fi ṣiṣẹ́? Ohun kan ṣoṣo ló dúró, ìyẹn ìrísí 2. Gbogbo ohun yòókù lè yí. 2 lè di ajá ìṣeré onírun, ó lè di aṣọ ṣẹ́dà, ó lè di mọ́tò kékeré. Ẹni tó bá ń ronú òmíràn kò ní láti bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Títí di 2001 ni wọ́n fi lò ó, wọ́n sì tún hú u jáde ní 2014 fún àádọ́ta ọdún ìkànnì, kò sì sí ẹni tó sọ pé ó ti gbó. Ìlà tó tẹ̀ kọrọdọ tó gba ipò rẹ̀ ní 2018 dára lójú. Máàkì kan tó kù, òun la yọ ọ́ fún: ìgbà mìíràn wà téèyàn ní láti wá 2 náà kó tó rí i.

Kí á tó kúrò lórí ìkànnì yìí, ẹ rántí káàdì ìdánwò F, àwòrán tí wọ́n fi ń yẹ tẹlifíṣọ̀n wò, tó jáde ní ọjọ́ 2 oṣù Keje ọdún 1967: ọmọbìnrin kan, Carole Hersee, pẹ̀lú pátákó ìkọ̀wé àti bèbí aláwàdà. Àmì X tó wà lórí pátákó yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ibẹ̀ gan-an ni àárín ojú àwòrán. Bí X bá yẹ̀, tẹlifíṣọ̀n rẹ ló nílò àtúnṣe. Awọ ojú ọmọ náà sì ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá àwọ̀ pọ̀jù.

ITV: 4 lórí 10

Ọjọ́ 22 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1955 ni ITV bẹ̀rẹ̀ ní London, kì í sì í ṣe ilé iṣẹ́ kan. Àgbègbè kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀, olúkúlùkù sì ní ojú tirẹ̀. Anglia, tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹwàá ọdún 1959, ní ère fàdákà jagunjagun kan lórí ẹṣin, tó ń yí díẹ̀díẹ̀ lórí àwo, tí orin Handel ń lọ lábẹ́ rẹ̀. Ère náà tàn yòò débi pé ìmọ́lẹ̀ sítúdíò ń ta kọ̀n-ọ́n lára rẹ̀ bó ṣe ń yí. Thames, láti 1968, ní ilé gogoro London tó ń yọ lójú omi. Ẹni tó bá dàgbà ní ìlà-oòrùn England, jagunjagun yẹn ni tẹlifíṣọ̀n lójú rẹ̀.

Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í tú u ká. Anglia gbé jagunjagun kúrò ní 1988. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1989, ITV ní kí gbogbo àgbègbè wọ aṣọ kan náà, kí wọ́n ki díẹ̀ lára lógò tiwọn bọ inú lẹ́tà V. Àwọn kan gbà, àwọn kan kọ̀ jálẹ̀, àwọn kan lò ó díẹ̀ wọ́n sì sọ ọ́ nù. Thames pàdánù ìwé àṣẹ rẹ̀, ó sì kúrò lórí afẹ́fẹ́ ní alẹ́ tó kẹ́yìn 1992. Oṣù Kẹwàá ọdún 2002, orúkọ ITV1 bo àwọn àgbègbè England àti Wales mọ́lẹ̀. Oṣù Kìíní ọdún 2013, ó di ITV lásán, pẹ̀lú lẹ́tà bí ìkọ̀wé ọwọ́ tó ń mu àwọ̀ láti inú àwòrán tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Oṣù Kọkànlá ọdún 2022, wọ́n dá 1 padà. Lógò 2013 yẹn ni ó dáa jù, torí pé kò sí àwòrán tó bá a jà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń yí orúkọ padà lẹ́ẹ̀mẹta láàárín 20 ọdún kò lè bínú bí aráyé bá pè é ní èyí tó wù wọ́n.

Àṣìṣe ITV ló tún pọ̀ jù, ó sì ní ìdí. Bí ìlà ìṣiṣẹ́ bá gùn, ibi tó lè já á pọ̀. Ọjọ́ 26 oṣù Kọkànlá ọdún 1977, nígbà tí Southern Television, ilé iṣẹ́ ITV ní gúúsù England, ń gbé ìròyìn ìrọ̀lẹ́ sáfẹ́fẹ́, ohùn kan tó pe ara rẹ̀ ní Vrillon bo ohùn akàròyìn mọ́lẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́fà, ó ń kìlọ̀ fún aráyé láti ojú ọ̀run. Àwòrán kò yí padà rárá. Ohùn nìkan ló yí. Ìdí rẹ̀ ni pé òpó Hannington kì í gba ètò láti inú wáyà. Afẹ́fẹ́ ló ti ń gbà á láti òpó Rowridge ní Isle of Wight, kó tó tún un ta. Ẹni tó bá gbé ẹ̀rọ atagbà kékeré sítòsí Hannington, tí agbára rẹ̀ ju ti Rowridge lọ níbẹ̀, ti gba gbogbo òpó náà lọ́wọ́ wọn. Wọn kò mú ẹni náà títí di òní.

Ti 2009 àti 2010 kò ní ẹ̀rín nínú tó bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ 4 oṣù Kejì ọdún 2009, Everton àti Liverpool ń gbá àtúngbá FA Cup, àfikún àkókò ti ń parí lọ, ni ìpolówó Tic Tac já wọlé. Nígbà tí pápá padà, Dan Gosling ti gbá góòlù tó pa ìdíje, wọ́n ti ń yọ̀. Ẹ̀rọ tó ń ta ìpolówó fúnra rẹ̀ ni wọ́n di ẹ̀bi rù. Oṣù Kẹfà ọdún 2010, Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé, England àti Amẹ́ríkà: ìṣẹ́jú kẹrin, ìpolówó mọ́tò já lu ITV1 HD, Steven Gerrard sì gbá góòlù láàárín rẹ̀. Àwọn tó ń wo èyí tí kì í ṣe HD rí i. Àwọn tó ra àpótí olówó iyebíye kò rí i. Kò sí lógò tó lè tún ìyẹn ṣe.

Channel 4: 7 lórí 10

Ọjọ́ 2 oṣù Kọkànlá ọdún 1982, agogo mẹ́rin àbọ̀ kọjá ìṣẹ́jú 15, búlọ́ọ̀kù aláràbarà fò wá láti ìhà gbogbo, wọ́n di 4, ètò *Countdown* sì tẹ̀ lé e. Lambie-Nairn náà ló wà nídìí rẹ̀. Kò sí kọ̀ǹpútà tó lè ṣe é ní Bìrìtéènì nígbà náà, nítorí náà Los Angeles ni wọ́n ti ṣe é. Orin David Dundas, ìró mẹ́rin péré, ló bá a rìn. Bí wọ́n bá pa àwòrán, ìró mẹ́rin yẹn nìkan tó láti mọ ibi tí a wà. Ó sì so ète ìkànnì náà mọ́ àmì rẹ̀: nígbà náà, Channel 4 kì í fúnra rẹ̀ ṣe ètò, ó ń rà á lọ́wọ́ àwọn olùṣe káàkiri, gẹ́gẹ́ bí búlọ́ọ̀kù ṣe ń wá láti ibi gbogbo.

Ti òpin 2004 ni a fẹ́ràn jù. Kámẹ́rà ń rìn kọjá láàárín ilé gogoro, òpó iná, ọgbà tí wọ́n gé. Nǹkan wọ̀nyí á to ara wọn di 4 fún ìṣẹ́jú àáyá kan péré, kámẹ́rà á kọjá, 4 á tú ká. Ẹni tó bá ṣẹ́jú kò ní rí i. Ìṣòro rẹ̀ ni ti akéde: ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ fà sẹ́yìn díẹ̀ níbi tí 4 bá ti pé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ohùn á bo ohun tí ojú ń wá.

Máàkì tó lọ, ọjọ́ 25 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021 ló gbé e lọ. Ní ilé Red Bee Media ní White City, ilé iṣẹ́ tó ń bá àwọn ìkànnì gbé ètò sáfẹ́fẹ́, ẹ̀rọ apaná tú gáàsì sínú yàrá àwọn server. Kò sí iná kankan tó jó wọn. Ariwo gáàsì náà, bó ṣe ń bú jáde, ló gbọn àwọn hard disk débi pé wọ́n bà jẹ́. Channel 4 kúrò lórí afẹ́fẹ́ ní alẹ́ Sátidé. BBC àti Channel 5 náà fara gbá a, ṣùgbọ́n wọ́n tètè gbé nǹkan dúró. Ní ti Channel 4, àkọlé ìsàlẹ̀ àwòrán tí àwọn adití ń kà bà jẹ́ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, títí wọ inú oṣù Kọkànlá, nítorí pé ètò àpamọ́ tó yẹ kó gbà á kò ṣiṣẹ́. Ofcom, àjọ tó ń ṣàkóso tẹlifíṣọ̀n Bìrìtéènì, sọ ní 2022 pé wọ́n rú àdéhùn ìwé àṣẹ wọn. 

Channel 5: 5 lórí 10

Èyí kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Spice Girls ló ṣí i ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹta ọdún 1997. Ìgbì tí wọ́n fún un bọ́ sí ibi tí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ fídíò ilé ń gbà fi àwòrán ránṣẹ́ sí tẹlifíṣọ̀n, nítorí náà ilé iṣẹ́ náà ní láti rán òṣìṣẹ́ lọ káàkiri ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ilé láti tún ẹ̀rọ wọn tò kí ó tó lè bẹ̀rẹ̀. Ó di Five ní 2002, ó padà di Channel 5 ní 2011, ó di 5 lásán ní 2025.

Yàrá ìròyìn, àti àwọn ètò tó ń ta àṣìṣe

Ọjọ́ 8 oṣù Karùn-ún ọdún 2006, Guy Goma wá sí BBC fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Guy Kewney, ẹni tí wọ́n fẹ́ bi nípa ẹjọ́ Apple lórí ìròyìn, jókòó sí yàrá àlejò mìíràn. Wọ́n pe Guy, Goma dìde. Ẹ wo ojú rẹ̀ nígbà tí atọ́kùn dárúkọ ẹni tí kì í ṣe òun: ẹnu là, ojú ranjú, ó sì gbà láti dáhùn. Bí èèyàn bá ní kí wọ́n fi ohun kan ṣoṣo han òun nínú gbogbo àkójọ yìí, òun ni.

Oṣù Karùn-ún ọdún 2012 ló so àmì àti àṣìṣe pọ̀ pátápátá. Ìròyìn BBC ń sọ nípa Ìgbìmọ̀ Aláàbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, àmọ́ lógò UNSC tó wà lẹ́yìn atọ́kùn jẹ́ ti ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfuurufú inú géèmù Halo. Lẹ́tà mẹ́rin kan náà ni, ẹni tó wá a kò wo ohun tó rí dáadáa. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2013, Simon McCoy gbé ìdì bébà ìtẹ̀wé dání dípò iPad, ó sì ka ìròyìn lọ bí ẹni pé kò sí nǹkan kan.

Nínú àwọn ètò tó ń to àṣìṣe pọ̀, *It'll Be Alright on the Night* tí Denis Norden ṣe fún ITV láti 1977 ni ó wuyì jù, torí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í gùn ju àwòrán lọ. *Auntie's Bloomers* ti Terry Wogan, tó bẹ̀rẹ̀ ní BBC ní 1991, rọ̀ mọ́ni, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn òṣèré tó gbàgbé ọ̀rọ̀ ju ẹ̀rọ tó bà jẹ́ lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ téèpù BBC náà ń kó àṣìṣe jọ fún ara wọn ní Kérésì, ọ̀pọ̀ ohun tó kù lónìí sì ti ibẹ̀ wá.

Bí ẹ ó bá wo àwọn fídíò wọ̀nyí

Àmì tí ẹ̀rọ ń yà lójú ẹsẹ̀ kì í sí lórí téèpù ìkànnì, téèpù náà sì wọ́n débi pé wọ́n ń pa á rẹ́ láti tún un lò. Nítorí náà ọ̀pọ̀ àmì tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì jẹ́ ohun tí òǹwòran gbà sórí ẹ̀rọ fídíò ilé rẹ̀, ní pàtàkì láti ìgbà tí VHS dé Bìrìtéènì ní 1978. Ayédèrú pọ̀ láàárín wọn, torí àwọn olùfẹ́ ń tún àmì àtijọ́ yà fúnra wọn.

Ẹ wo ìsàlẹ̀ àwòrán pátápátá. VHS gidi máa ń ní ìlà díẹ̀ tó ń gbọ̀n tó sì dà rú níbẹ̀, níbi tí orí ẹ̀rọ kan ti ń fi iṣẹ́ lé èkejì lọ́wọ́. Ẹ wo òkè náà: bí wọn kò bá gé e, àmì funfun kéékèèké tó ń tọ pẹ́rẹ́pẹ́rẹ́ yóò wà níbẹ̀, ìyẹn ọ̀rọ̀ teletext tó ń bá àwòrán rìn. Bí etí lẹ́tà bá mú bí abẹ, tí kò sì sí èyíkéyìí nínú méjèèjì, ẹ fura.

Ẹ wá ẹ̀dà 50p, ìyẹn àwòrán 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, bó bá wà. Ìgbì Bìrìtéènì ń gbé ààbọ̀ àwòrán 50 wá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹni tó bá fi 25 gbé e sókè ti ju ìdajì ìrìn rẹ̀ nù, ayé á sì máa fò tọ́ntọ́n dípò kó máa yí gẹ́lẹ́tẹ́. Ìlà dúdú tín-ín-rín lókè àti nísàlẹ̀ àmì ọdún 1998 sókè kì í ṣe àléébù. Ìwọ̀n ìbú sí gíga 14:9 ni, àárín méjì tí wọ́n fi ń bá àwọn tí tẹlifíṣọ̀n wọn ṣì jẹ́ 4:3 lò. Ṣùgbọ́n bí ayé BBC ti 1985 bá rí bí ẹyin tí wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, wọ́n ti na 4:3 di 16:9 nìyẹn. Ẹ wá ẹ̀dà mìíràn.